Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Bí Iná Oòrùn Ṣe Lè Wọ Inú Wáyà NẸ́PÀ

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa láti ilẹ̀ Okun ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi lóṣù yìí ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: iná oòrùn, àti bí a ṣe lè so ó pọ̀ mọ́ iná ìjọba. A gé díẹ̀ kúrò nínú wọn kí àyè lè gbà wọ́n. Ẹlẹ́rọ iná tí ó ń bá wa dáhùn ìbéèrè ní ojú ewé yìí ni ó fèsì.

Ẹ jọ̀wọ́, mo kí gbogbo yín ní ọ́fíìsì, okun o. Olùkọ́ ni mí ní Kabba kí n tó fẹ̀yìn tì. Léraléra ni a ń gbọ́ pé gíríìdì tún ti wó, tí iná á sì kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ tí ó ṣófo pọ̀ ní ìhà wa, oòrùn sì ń ràn lé e lórí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí ìjọba kò kàn to pánẹ́ẹ̀lì sólà sí i, kí wọ́n so ó mọ́ wáyà tí ó ń kọjá lọ, kí ọ̀rọ̀ tán? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kabba)

Okun o, ẹ̀yin àgbà wa. Ohun tí ẹ ń rò kì í ṣe àlá, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti bá a dé ibi tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n síso tí ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ wáyà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Pánẹ́ẹ̀lì ni ó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Gíríìdì, ìyẹn àwọn wáyà ńláńlá tí ó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, kò ní ibi tí ó ń kó iná pa mọ́ sí. Iná tí àwa oníbàárà ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá gbọ́dọ̀ pèsè ní ìṣẹ́jú àáyá yìí kan náà, kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó dọ́gba ni ìyípo iná náà, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà. Bí ẹrù bá pọ̀ ju iná tí ó ń wọlé lọ, ìyípo á máa lọ sílẹ̀. Bí iná bá pọ̀ ju ẹrù lọ, á máa gòkè. Bí ó bá ti kọjá ààlà, ní ìsàlẹ̀ tàbí ní òkè, àwọn ẹ̀rọ amúnáwá á máa já ara wọn kúrò lórí wáyà kí wọ́n má baà bàjẹ́, ẹrù èyí tí ó bá já á sì bọ́ sí ọrùn àwọn tí ó kù, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó lulẹ̀.

Ẹ wá wo bí tiwa ṣe rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àárín mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 ni ó ń wà lórí gíríìdì Nàìjíríà (mẹ́gáwáàtì 1 jẹ́ kílówáàtì 1,000). Bí ilé iṣẹ́ kan tí ó ń mú 400 wá bá já lójijì, ohun tí ó lọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí gíríìdì tó lè dúró, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ mìíràn ti fi agbára díẹ̀ pa mọ́ tí wọ́n lè fi dí àlàfo náà kíákíá, irú agbára bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í tó wa. Ìdí nìyẹn tí gíríìdì fi wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní ọdún 2024, nígbà tí sólà tí ó wà lórí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Kò sí ẹni tí ó lè di ẹ̀bi yẹn ru oòrùn.

Níbo wá ni sólà ti jẹ́ ìṣòro? Ẹ rántí bí obìnrin mẹ́ta ṣe ń gúnyán nínú odó kan ṣoṣo. Ẹnì kẹrin tí ó bá fẹ́ bá wọn gún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìró odó náà kí ó tó sọ ọmọ odó tirẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ínfátà tí ó ń yí iná pánẹ́ẹ̀lì padà sí irú èyí tí a ń lò nílé ṣe ń ṣiṣẹ́: ìyípo tí ó bá lórí wáyà ni ó ń tẹ́tí sí, òun ni ó sì ń tẹ̀ lé. Àwọn tí ó ń dá ìró náà sílẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wíwúwo tí omi ń yí ní Kainji àti Jebba, àti àwọn tí gáàsì ń yí, irú ti Geregu lẹ́bàá Ajaokuta nílé wa níbí. Ìwúwo wọn ṣe pàtàkì, nítorí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ohun wíwúwo tí ó ń yí kì í dẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó sì fi ń dẹwọ́ ni àwọn ẹ̀rọ yòókù fi ń rí àyè gbára dì. Pánẹ́ẹ̀lì kò ní ohunkóhun tí ó ń yí. Bí a bá ń kó àwọn tí ó ń tẹ̀ lé ìró wọlé tí a sì ń yọ àwọn tí ó ń dá a sílẹ̀ kúrò, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìró náà á dàrú.

Àwọn ará Jámánì ti fojú rí irú rẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ínfátà orí òrùlé kọ̀ọ̀kan já ara rẹ̀ kúrò bí ìyípo bá gòkè dé 50.2. Nígbà tí sólà ṣì kéré, òfin náà dára. Nígbà tí ó wá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́gáwáàtì, wọ́n rí i pé bí ìyípo bá fara kan 50.2 lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ mẹ́gáwáàtì 3,000 péré ni ìpamọ́ tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù tí ó jọ so pọ̀ ń fi sílẹ̀ de àdánù òjijì. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣe òfin tuntun, wọ́n sì ń lọ láti òrùlé dé òrùlé láti tún àwọn ínfátà àtijọ́ ṣe, kí ó lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dín iná wọn kù. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ó ń bá Nàìjíríà kọ òfin sólà, ìtàn yìí ni mo máa kọ́kọ́ kà.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ní ìpínlẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà, lẹ́yìn tí ìjì kan ti pa iná gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n gbé bátìrì mẹ́gáwáàtì 100 kalẹ̀ sí Hornsdale ní ìparí ọdún 2017. Bátìrì kì í dúró de ẹ̀rọ tí ó máa gbéra. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tú iná sílẹ̀. Irú ínfátà mìíràn sì ti wà tí kì í dúró de ìró ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ lè dá ìyípo 50 sílẹ̀ kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ìyípo nìkan ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Nígbà tí iná kú ní Sípéènì àti Pọtugí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti dá sólà lẹ́bi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwádìí ìjọba Sípéènì sọ nǹkan mìíràn: fóltéèjì, ìyẹn agbára tí ó ń ti iná nínú wáyà, ni ó ga kọjá ààlà, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa fà á sílẹ̀ kò sì fà á tó.

Nítorí náà, bàbá tàbí ìyá wa ní Kabba, ilẹ̀ wà, oòrùn wà. Bí a bá kàn to pánẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ náà láìsí bátìrì, láìsí ínfátà tí ó yẹ, tí wáyà tí ó ń kọjá náà sì jẹ́ èyí tí ẹ̀fúùfù díẹ̀ ń já, ìṣòro la fi kún ìṣòro. Èrò tèmi ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èyí tí ó lè dá dúró nígbà tí gíríìdì bá wó. Màá padà sórí ìyẹn nínú èsì lẹ́tà tí ó wá láti Isanlu.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ Mopa. Alẹ́ ni àwọn ènìyàn ń lo iná jù, oòrùn sì ti wọ̀ nígbà náà. Ṣé kì í ṣe pé sólà kò wúlò fún gíríìdì nìyẹn? Ṣé odò Ọya kò lè ràn án lọ́wọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Mopa)

O ti fi ọwọ́ kan ibi tí bàtà ti ń ta àwọn tí wọ́n lọ jìnnà jù wá lọ lẹ́sẹ̀. Láti ọdún 2013 ni àwọn tí ó ń darí gíríìdì California ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ pé bí sólà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná á máa pọ̀ jù lọ́sàn-án, tí oòrùn bá sì ń wọ̀, àwọn ẹ̀rọ gáàsì á ní láti sáré gbéra láàárín wákàtí mẹ́ta péré láti dí ohun tí oòrùn fi sílẹ̀. Bátìrì ni wọ́n wá fi kojú rẹ̀. Ní ọdún 2024, bátìrì tí ó wà ní California ti kọjá mẹ́gáwáàtì 10,000, èyí tí ó ju gbogbo iná orí gíríìdì wa lọ ní ìlọ́po méjì.

A kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní omi, omi tí dáàmù sì sé mọ́ ni iná tí a kò tíì lò. Dáàmù Kainji ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1968, mẹ́gáwáàtì 760 sì ni agbára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú rẹ̀. Bí sólà bá ń mú iná wá lọ́sàn-án, wọ́n lè dín omi tí wọ́n ń tú kù, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní agogo méje alẹ́ tí gbogbo ilé bá tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ omi yára gbéra, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Ó tún dára bí o bá wo bí ọdún ṣe ń yí. Odò Ọya ní ìkún méjì. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní ìkún funfun, ni omi òjò ilẹ̀ wa tí ó rù pẹ̀lú ẹrẹ̀, tí ó ń dé Kainji láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Èkejì, ìkún dúdú, ni omi tí ó rọ̀ ní òkè Fouta Djallon ní orílẹ̀-èdè Guinea, tí ó gba àbàtà Mali kọjá, tí ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa láti oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹta. Lẹ́yìn èyí ni omi á fà títí òjò á fi tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà tí omi bá fà yẹn gan-an ni oòrùn ilẹ̀ wa ń mú janjan, nígbà tí ìkùukùu oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ bá sì bo oòrùn, omi ti ń bọ̀. Èmi kò rí ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ sólà àti dáàmù bí ẹni pé orogún ni wọ́n.

Ó ní ààlà o. Omi tí Kainji bá tú sílẹ̀ náà ni Jebba ń lò nísàlẹ̀, nítorí náà wọn kò lè pa ọ̀kan dé láìbá èkejì sọ ọ́. Kò sì sí ẹni tí ó máa sé omi mọ́lẹ̀ nítorí iná alẹ́ nígbà tí adágún bá ti kún dénu. Àwọn ará Lokoja tí omi lé kúrò nílé ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, nígbà tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé jọ kún, yóò bá a wí.

Ṣé afẹ́fẹ́ kò lè mú iná wá fún wa? Orí òkè ni ilé wa wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀. (Awakọ̀, Egbe)

Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ aṣọ orí okùn kò tó èyí tí ó ń yí ẹ̀rọ amúnáwá. Ó gbọ́dọ̀ lágbára, ó sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, ìhà àríwá pátápátá ni irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbé ti mẹ́gáwáàtì 10 sí Lambar Rimi ní Katsina. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá láti Kenya. Wọ́n ti to ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 310 sí ẹ̀bá adágún Turkana tán ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n wáyà tí ó máa gbé iná náà lọ sí ìlú kò tíì parí, ó sì di ọdún 2018 kí ẹnikẹ́ni tó rí i lò.

Àwa obìnrin tí a ń ṣe gàrí ní Isanlu ni a kọ ìwé yìí. Ilé iṣẹ́ kan wá bá wa pé àwọn fẹ́ gbé iná sólà kalẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Òpó NẸ́PÀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni iná rẹ̀ ń wá, dísù sì ti wọ́n. Ṣé sólà lè yí ẹ̀rọ tí a fi ń rin pákí? Bí NẸ́PÀ bá sì padà wá ní pípé, ṣé owó wa kò wọgbó? (Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alágàrí, Isanlu)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ gbé wá ni à ń pè ní míní-gíríìdì: pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà ní ojú kan, pẹ̀lú wáyà tí ó pín in káàkiri àdúgbò, tí ìlànà ọdún 2023 kò sì jẹ́ kí ó ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ. Àjọ NERC, tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti ṣe ìlànà fún un láti ọdún 2016, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan dá dúró, fún ìlú tí òpó kò dé rárá. Èkejì so mọ́ wáyà ilé iṣẹ́ apínnáká: òpó àti wáyà tí ó wà nílẹ̀ náà ni ó ń lò, á máa ra iná gíríìdì nígbà tí ó bá wà, nígbà tí kò bá sì sí, sólà àti bátìrì tirẹ̀ á gbé àdúgbò ró. Irú kejì yìí ni mo rò pé ó bá yín mu, nítorí pé òpó ti wà ní àdúgbò yín. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀, kílówáàtì 352, ní ìlú Toto ní ìpínlẹ̀ Nasarawa tí kò jìnnà sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024.

Ní ti owó yín, ẹ béèrè ìwé. Fún irú èyí tí ó so mọ́ wáyà, àdéhùn ẹlẹ́ni mẹ́ta ni ìlànà béèrè fún: ilé iṣẹ́ sólà, ilé iṣẹ́ apínnáká, àti ẹ̀yin ará àdúgbò. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ó dá dúró ni wọ́n ṣe, tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ, tí wáyà ìjọba wá dé lọ́jọ́ iwájú, wọ́n lè so pọ̀ mọ́ ọn tàbí kí wọ́n gba owó ohun èlò wọn kí wọ́n kúrò. Ilé iṣẹ́ tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò ní irú ààbò yìí, ẹ̀yin tí ẹ sì ti san owó mítà fún un kò ní in pẹ̀lú. Láti ìgbà tí òfin iná ọdún 2023 sì ti jáde ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti láṣẹ láti máa ṣàkóso iná láàárín ààlà tirẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti gba àṣẹ náà, Abuja tàbí Lokoja.

Ó kan ẹ̀rọ pákí. Sólà lè yí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń gbéra. Ní ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí gílóòbù inú ilé sì ṣẹ́jú, ohun tí ẹ rí ni pé mọ́tò náà fa iná bí ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tí ó máa ń lò nígbà tí ó bá ti ń yí. Lórí gíríìdì ńlá, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Lórí míní-gíríìdì, bí mọ́tò mẹ́ta bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ní agogo méje àárọ̀ tí oòrùn kò tíì mú, ínfátà lè pa ara rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò sì wà ní òkùnkùn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń so mọ́ mọ́tò tí á jẹ́ kí ó gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi í sínú àdéhùn pé àwọn ni wọ́n máa gbé e wá. Kí ẹ̀yin náà fi rínrin pákí sí àárín agogo mẹ́wàá sí agogo mẹ́ta, kí ẹ fi bíbó àti fífọ̀ sí àárọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná tààrà láti ojú oòrùn ni ẹ ń lò, kì í ṣe èyí tí ó ti gba inú bátìrì kọjá. Bátìrì ni ó wọ́n jù nínú iṣẹ́ náà, ẹni tí kò bá fi ẹrù ọ̀sán sí alẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó iná tí ó dín ní ọ̀sán. Ẹ béèrè rẹ̀. Ìlànà gbà kí ilé iṣẹ́ náà àti àdúgbò jọ fẹnu kò lórí iye owó iná, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i.

Ẹ má gbàgbé ọyẹ́. Eruku rẹ̀ ń bo ojú ọ̀run, ó sì ń bà lé pánẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ àkókò yẹn ni kò sí òjò tí á fọ̀ ọ́. Kí a kọ orúkọ ẹni tí á máa nù ún sínú ìwé, pẹ̀lú omi àti aṣọ múlọ́múlọ́, ní ìdájí kí ó tó gbóná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti to pánẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tí kò sì sí ẹni tí ó ra kànìnkànìn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ní sólà kílówáàtì 5 nílé mi ní Iyara. Lọ́sàn-án, bátìrì mi ń kún, iná tó kù sì ń ṣòfò. Oníná kan ní òun lè bá mi so ó padà sínú wáyà NẸ́PÀ kí mítà mi máa yí sẹ́yìn, pé kò sí ẹni tí á mọ̀. Ṣé kí n gbà? (Télọ̀, Iyara)

Rárá, àbúrò mi. Má ṣe gbà.

Ní àwọn ilẹ̀ kan, ó jẹ́ ohun tí ó wọ́pọ̀ kí onílé ta iná padà fún ilé iṣẹ́ apínnáká, mo sì gbà pé ọ̀nà dáadáa ni fún ìgbà tí ó ń bọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ apínnáká mọ̀, mítà tí ó ń ka iná ní ìhà méjèèjì wà, ínfátà náà sì jẹ́ irú èyí tí ó ń já ara rẹ̀ kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì bí iná gíríìdì bá kú. Ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn ni ó yà ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ikú. Tíráńsífọ́mà kì í mọ ìhà tí iná ti wá. Òun tí ó ń sọ 11,000 fólítì di 415 fún àdúgbò rẹ lè sọ iná tí o tì wọlé láti ìsàlẹ̀ di 11,000 lókè. Bí NẸ́PÀ bá mú iná, tí òṣìṣẹ́ kan sì gun òpó láti so wáyà tó já ní òpin àdúgbò, ó ti dán an wò kí ó tó gòkè, ó rí i pé kò sí iná. Ìkùukùu wá kúrò lójú oòrùn, ínfátà rẹ tan, o sì pa á láìmọ̀.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò fi ṣéńjóófà sí, tí wọ́n kàn ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Bí o bá mọ ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Iyara, bá a sọ ọ́.

Lo iná náà nílé dípò rẹ̀. Fi áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ tí ó ń fa omi kànga sí ọ̀sán. Bí aládùúgbò bá ní kí o ta díẹ̀ fún òun, má fa wáyà kọjá sí ilé kejì kí o tó béèrè bí òfin ṣe rí lórí rẹ̀. Bí ilé rẹ bá sì wà lórí iná NẸ́PÀ àti sólà lẹ́ẹ̀kan náà, ní kí ẹni tí ó bá ọ gbé ínfátà wá ṣí ojú ẹ̀rọ náà níwájú rẹ, kí ó fi ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kí iná má ṣe jáde kúrò nínú ilé hàn ọ́. Ó wà lórí ọ̀pọ̀ ínfátà tí wọ́n ń tà lónìí. Kí ó yí i sí òdo, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó lọ.